Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ìbàdí Oníbàdí Ta Gìtá

Sólò kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n ta lórí gìtá. Ọdún mọ́kànlá ló sì fi ta á fún àwọn èèyàn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un bíi pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Mo mọ̀, torí pé èmi ni mo dúró lápá òsì rẹ̀ ní gbogbo ọdún mọ́kànlá yẹn, tí mo ń ta báàsì, gìtá olóhùn ńlá. Tí èèyàn bá fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan, ọjọ́ tí wọ́n bí onítọ̀hún ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ̀gbọ́n mi títí dọjọ́ tó ra gìtá, kò ṣe nǹkan kan tó yẹ ká tìtorí ẹ̀ da ẹnikẹ́ni láàmú, ẹ jẹ́ ká yáa fo ibẹ̀.

Télọ̀ ni. Télọ̀ gidi ni o, kì í ṣe irú àwọn tó máa gba aṣọ lọ́wọ́ yín tí wọ́n á wá máa fi ọ̀la dá yín lóhùn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan àti ààbọ̀ lọ. Máṣíìnì méjì ló wà níbẹ̀, àti tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ, dígí kan tó ti sán nísàlẹ̀, àti kọ́tìnì tí àwọn obìnrin máa ń lọ sẹ́yìn rẹ̀ láti wọ aṣọ wò. Lára ìṣó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí yẹn ni ìwé ìwọ̀n máa ń wà. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni, inú rẹ̀ ló kọ ara gbogbo àdúgbò sí: àyà, ìbàdí, èjìká, ọrùn, gígùn apá, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkùnrin tó ń sanra tó sì ń purọ́ fún ìyàwó ẹ̀ pé aṣọ ló ń sún kì, kó wá ka ìwé yẹn.

Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìdí máṣíìnì ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wà, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ síbẹ̀. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, á wọ kóòtù funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà, á gbé gìtá kọ́rùn nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kan tó wà lẹ́yìn ilé-epo. Àwa mẹ́rin la wà nínú ẹgbẹ́ náà. Sístà ló ń kọrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì ni ẹgbẹ́. Awakọ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ló ń lùlù. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la kù. Àwọn tó ń wá gbọ́ wa kò ju ogún tábìlì lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á jókòó sábẹ́ agboòrùn, wọ́n á jẹun, wọ́n á mi orí.

Bí mo ṣe di oníbáàsì kò ní ògo kankan nínú. Ẹni tó ta gìtá àlòkù fún ẹ̀gbọ́n mi ló ní òun ò ní tà á láìjẹ́ pé ó kó báàsì mọ́ ọn. Ló bá kó méjèèjì wálé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, èmi ló rí. Ó ní, "Ìwọ, dúró síbí. Tẹ ibí, tẹ ibí. Ibi méjì yẹn náà ni, má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ ẹ." Mo bi í pé kí wá ni báàsì wà fún tí wọn ò bá ní gbọ́ ọ. Ó ní, "Láínìn ni, aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú kóòtù. Tí kóòtù bá dáa, ta ló ń wo láínìn?"

Ilé ìtajà ọ̀dà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ mi ni kí n máa po àwọ̀ pọ̀ fún àwọn oníbàárà, mo sì mọ̀ pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kùn sára ògiri ló ń sọ bí èyí tó wà lókè ṣe máa rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni. Mo ń tẹ ibi méjì mi. Ní ọdún kejì, èmi fúnra mi wá ibì kẹta rí, tí mo máa ń bọ́ sí nígbà tí orin bá fẹ́ yí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, mo ń retí kí ẹ̀gbọ́n mi wò mí burúkú. Kò wí nǹkan kan. Mo rò pé ó dùn mọ́ ọn ni. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló tó yé mi pé kò gbọ́ ọ rárá, ó sì dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ fún un lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé gìtá fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ọrùn rẹ̀ ní àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú rẹ̀, ìlà la máa ń pè wọ́n. Tí ẹ bá tẹ okùn mọ́ ìlà karùn-ún, ohùn kan á jáde. Tí ẹ bá sún sí ìkẹfà, ohùn mìíràn ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ mọ èyí tí ẹ máa yàn, àgàgà nígbà tí olórin bá dákẹ́, tó fà sẹ́yìn, tó fi ojú sọ fún onígìtá pé ó yá, ìwọ náà sọ tìẹ. Ibẹ̀ ni sólò. Kò sẹ́ni tó kọ ohun tí ẹ máa ta síbẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ máa wá a níbi tí ẹ dúró sí. Ẹ̀gbọ́n mi sì kórìíra ibẹ̀ yẹn ju bó ṣe kórìíra oníbàárà tó ń sanra láàárín ọjọ́ ìwọ̀n sí ọjọ́ ìwọ̀wò.

Ohun tó ṣe ni pé, ní ọdún àkọ́kọ́, ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ méje gbáko, ó ń tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń dán ilẹ̀ tó ń yọ̀ wò, títí tó fi rí ibi márùn-ún tí ìyàwó rẹ̀ ò ti fajú ro. Ó kọ nọ́ńbà wọn sí ẹ̀yìn ìwé ìwọ̀n: márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́wàá, mẹ́jọ, méjìlá. Ó fa igi sábẹ́ wọn. Ó parí nìyẹn. Ibì kan náà ni Sístà máa ń gbé ohùn gbogbo orin sí, torí ibẹ̀ ló rọ ọ̀fun rẹ̀ lọ́rùn, nítorí náà kò sí orin tí nọ́ńbà márùn-ún yẹn ò bá mu. Sístà lè máa kọrin ìfẹ́, ó lè máa kọrin nípa ẹni tó kú sínú omi, tó bá ti yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́wàá ni. Òkú inú omi yẹn máa ń gbọ́ sólò ayọ̀ gan-an.

Bàbá kan wà tó máa ń jókòó sí tábìlì iwájú pátápátá, Bàbá Iwájú la máa ń pè é. Ìrẹsì àti ẹja ló máa ń jẹ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ kan, Sístà kọrin, ó dákẹ́, ó fà sẹ́yìn. Kí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó dé orí okùn, Bàbá Iwájú ti fi ẹnu tó kún fún ìrẹsì kọ gbogbo sólò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo ẹyọ kan. Tábìlì kejì bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan níbẹ̀ ní kí Bàbá tún un kọ, ó tún un kọ, àwọn méjì sì bá a gbè é. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Ó dúró kí wọ́n kọ ọ́ tán, òun náà wá ta á. Kí ló tún lè ta? Òun náà ló mọ̀.

Sístà ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ṣe tán, ó pè é lọ sẹ́yìn ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n to àwọn sílíńdà gáàsì sí. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, wọn ò pè mí.

"Ọdún mélòó lo ti ń ta gìtá fún mi?" ni Sístà bi í.

"Mọ́kànlá, mà."

"Mọ́kànlá kọ́. Ọdún kan lo ta. O kàn tún un ta lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí i ni."

Ẹ̀gbọ́n mi wo bàtà rẹ̀.

"Ọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tún fóònù mi ṣe," ni Sístà wí. "Ó ta gìtá fún mi lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò mọ ibi tó ń lọ títí tó fi débẹ̀, inú mi sì dùn nígbà tó débẹ̀. Mo fún ẹ títí di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Tí mo bá gbọ́ sólò tí Bàbá yẹn lè bá ẹ kọ, gbé gìtá ẹ lọ sílé, kóo sì fi mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́."

"Mo gbọ́, mà."

A jọ rìn padà. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló tó dúró. Ó ní, "Tí mi ò bá sí nínú ẹgbẹ́ yẹn mọ́, télọ̀ lásán ni mí." Mo fẹ́ dá a lóhùn pé télọ̀ kì í ṣe nǹkan lásán, àmọ́ mo rí ojú rẹ̀. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀ ni ọkùnrin yìí máa ń dúró lóòró, tí àwọn èèyàn sì ń wo ojú rẹ̀ dípò kí wọ́n máa wo aṣọ tó dì mọ́wọ́. Ìyẹn ló fẹ́ bọ́ lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n gbé báàsì bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bá a tó wọ awò ojú rẹ̀, tó ṣí ìwé ìwọ̀n sílẹ̀ lórí tábìlì, ara rẹ̀ sì yá gágá. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń lọ aṣọ. Eyínmẹ́nugún ni ìyàwó wa máa ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé, àmọ́ ọjọ́ yẹn ó kàn gbé ojú sókè wò mí ni, ó mirí, ó tún padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Mo ti rí i," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èèyàn mélòó lo rò pé ó wà nínú ìwé yìí?"

"Mi ò mọ̀."

"Igba ó lé mẹ́rin. Kò sì sí méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ni mo ń ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìlà kan fún ọrùn, ìlà kan fún èjìká, ìlà kan fún ọwọ́, sólò mi ò ní jọra wọn títí tí màá fi kú."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ jẹun láàárọ̀?"

"Gbé báàsì ẹ, jàre."

Ọlọ́pàá tó ń gbé lójú pópó la fi bẹ̀rẹ̀. A ta á láti ọrùn dé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó sì dún bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga lórí símẹ́ǹtì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwọ̀n rẹ̀ ti pẹ́ ni. A bọ́ sórí oníbúrẹ́dì. Ọrùn rẹ̀ jẹ́ méjìdínlógún, ìyẹn ṣì bá gìtá mu, torí ìlà mọ́kànlélógún ló wà lára gìtá wa. Nígbà tí a dé ikùn, a bá ara wa ní méjìléláàádọ́ta. Gìtá tán, ara oníbúrẹ́dì ò tíì tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú, òun á yọ ogójì kúrò níbẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti sọ fún ọkùnrin náà pé ó ti rù. Ìyàwó wa fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, ó ń lọ kọ́là kan ṣoṣo láti bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Báyìí la ṣe ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíì fún ọjọ́ méjì. A ta òṣìṣẹ́ báńkì, a ta ìyá oníbẹ́líìtì, a ta ọkọ ìyàwó kan àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méje. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ la kan tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ọrùn mẹ́tàlá, èjìká mẹ́rìnlá, ọwọ́ méje, ìdajì ìbàdí méjìdínlógún, torí pé aṣọ tí a bá ṣẹ́ po ni télọ̀ ń gé, ìdajì ló sì máa ń kọ fún ìbàdí obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi ta á. Kò dùn, àmọ́ kò dunni. Ó ta á lẹ́ẹ̀kejì, a sì ti wà ní ìbàdí nígbà tí tíṣà fúnra rẹ̀ wọlé wá wọ aṣọ rẹ̀ wò.

"Orin yẹn dára o," ni tíṣà wí. "Orin wo ni?"

"Tuntun ni, mà," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Mi ò lè wo ojú obìnrin náà. Àwọn okùn báàsì ni mo ń wò.

Tíṣà lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, ó wọ kaba rẹ̀, ó jáde wá dúró níwájú dígí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé gìtá sílẹ̀, ó yí i po. Kò wo ìwé. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ padà wá." Tíṣà rìn lọ, ó padà. "Apá òsì ni ẹ máa ń gbé báàgì kọ́. Èjìká ibẹ̀ ti wálẹ̀." Ó tú ojú rírán kan, ó fi pín-ìn-nì méjì há a, ó tún wò ó, ó yọ ọ̀kan, ó sún un díẹ̀. Aṣọ náà sì jókòó. Ó rí bí ìgbà tí aṣọ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ dá obìnrin náà mọ̀.

Nígbà tí tíṣà lọ tán, ìyàwó wa gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Ẹ ti wọn obìnrin yẹn," ló wí, "ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé."

"Mo kọ ọ́."

"Kí ló dé tí ẹ tún ní kó rìn lọ kó rìn bọ̀?"

"Àbí kí n rán an láì wò ó? Ṣé ìwé ló máa wọ̀ ọ́ ni?"

"Ó dáa," ni ìyàwó wa wí. Ó bu omi díẹ̀ wọ́n aṣọ, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò rí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó gbé gìtá, ó tún padà sí ọrùn tíṣà.

Ọjọ́ Àìkú dé. Ẹ̀gbọ́n mi wọ kóòtù funfun, ó fá irùngbọ̀n débi tí àgbọ̀n rẹ̀ fi ń dán. Ó gbé ìwé ìwọ̀n pẹ̀lú gbogbo ara àdúgbò wá sínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì, ó ṣí i sí ojú ewé tíṣà lórí àga kan níwájú rẹ̀, ó sì fi ìkọ́ ìsáṣọ há a kí afẹ́fẹ́ má ṣí i sí oníbúrẹ́dì. Ìyàwó rẹ̀ náà wá, tí kì í wá. Ó jókòó sí tábìlì kẹta, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Bàbá Iwájú ti wà nídìí ìrẹsì.

Orin mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní sólò nínú, Sístà ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkẹrin ni. Sístà kọ ọ́, ohùn rẹ̀ gbó, ó dùn. Ó kọ ọ́ dé ibi tó yẹ, ó dákẹ́, ó fi ẹsẹ̀ kan fà sẹ́yìn, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ki ọwọ́ sápò àyà kóòtù láti mú awò ojú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ó wá a nínú àpò ọ̀tún, kò sí. Àpò òsì, téèpù ìwọ̀n ló bá níbẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó fún ojú pọ̀ mọ́ ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ ojú rẹ̀, láìsí awò kò lè dá mẹ́jọ mọ̀ yàtọ̀ sí ọlọ́pàá. Ló bá gbé orí sókè. Ní tábìlì kẹta, ìyàwó rẹ̀ wọ awò náà, ó gbé ìwé oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì sókè, ó ń kà á. Oúnjẹ mẹ́fà péré ló wà lórí ìwé yẹn.

Orin ò dúró dè wá. Awakọ̀ ń lùlù. Èmi ń tẹ ibi méjì mi, mo bọ́ sí ìkẹta níbi tí orin ti yí, mo padà. Gìtá ò dún. Fún odidi ìyípo kan, báàsì àti ìlù nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nínú ọgbà yẹn. Ọdún mọ́kànlá tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n má gbọ́ mi, gbogbo ogún tábìlì ló ń gbọ́ mi yìí. Mo sọ ọ́ nínú mi pé ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ nǹkan kan, ẹ tẹ ohunkóhun. Bàbá Iwájú ti nu ẹnu rẹ̀, ó tún ọ̀fun ṣe.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi rántí láìwo ìwé, ọrùn tíṣà. Ó tẹ ìlà kẹtàlá. Kò bá a mu, kò bá a mu rárá. Ojú Sístà yí. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé ìka kúrò, bẹ́ẹ̀ ni kò sáré lọ síbòmíràn. Ó yí orí sọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ mi ló ń wò, bó ṣe wo èjìká tíṣà lọ́jọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Ó wá fa ìka náà sẹ́yìn, ìlà kan péré, sí ìkejìlá.

Ohùn tèmi àti tiẹ̀ bá pàdé. Ó fi í síbẹ̀. Mo bọ́ sí ibì kẹta mi, ibi tí mo wá rí fúnra mi, ohùn tó di mú kò sì yí padà, síbẹ̀ ó di nǹkan mìíràn, inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀. Mo rí i tí ojú ẹ̀gbọ́n mi là. Kò sún ìka kankan, orin ti yí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó dúró kí n padà kó tó yan òmíràn. Ìyẹn dára. Èyí tó tẹ̀ lé e kò dára, ó tún un tẹ̀ kó lè gbọ́ bí kò ṣe dára tó, ó sún un sókè ní ìlà kan, ó bọ́ sí i. Ó ń há pín-ìn-nì, ó ń yọ ọ́. Lápapọ̀, ohun tó ta kò ju ogún lọ. Tẹ́lẹ̀ rí, á ti fi ìdajì àkókò yẹn ta ogójì.

Bàbá Iwájú la ẹnu láti bá a kọ ọ́. Kò mọ ibi tó ń lọ. Ó pa ẹnu dé, ó tún là á, ó wá gbé ṣíbí sílẹ̀, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, ó ń gbọ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Sístà bá wa níbi tí a ti ń ká wáyà.

"Mo ka àṣìṣe mẹ́fà," ló wí.

"Méje ni, mà," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

"Méje." Sístà fa báàgì rẹ̀ kọ́ apá. "Aago mẹ́rin lọ́jọ́ Àìkú. Má pẹ́ dé o."

Ìyàwó wa mú awò jáde nínú báàgì, ó nà án sí ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi èyí sílẹ̀ lórí máṣíìnì. Mo ní kí n bá yín mú un bọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó wò ó, ó wo obìnrin náà, ó wọ awò. Ìyàwó wa bá Awakọ̀ lọ nínú bọ́ọ̀sì, torí ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ ò dùn ún.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ rìn. Ó gbé gìtá àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, èmi gbé báàsì àti ìwé ìwọ̀n. A kọjá ilé-epo, a kọjá ilé ọlọ́pàá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-ìwé, ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀.

"Kí ni èyí tí o máa ń tẹ̀ nígbà tí orin bá fẹ́ yí?" ló bi mí.

"Èwo?"

"Kì í ṣe méjì tí mo kọ́ ẹ. Òmíràn."

"Ibì kẹta ni."

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́?"

Inú mi dùn, inú sì bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ èyí tí màá fi dá a lóhùn. "Ọdún kẹwàá rèé, Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún sára kóòtù, ó wọ̀ ọ́ padà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Gbé e jáde kí n gbọ́."

Mo ní kò sí iná níbí, báàsì kì í dún láìsí iná. Ó ní kí n ṣáà gbé e jáde. Mo jókòó lórí ẹ̀rọ náà, mo tú báàsì kúrò nínú àpò rẹ̀, mo gbé e lé ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àyàfi tó bá fẹ́ wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kúnlẹ̀ sójú títì pẹ̀lú kóòtù funfun, ó sì gbé etí lé ara igi báàsì. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá. Mo tẹ àkọ́kọ́, mo tẹ ìkejì, mo wá bọ́ sí ìkẹta.

Ó ní kí n tún un tẹ̀.